Ẹsẹ̀ Àwa Méjì

Bí mo bá wọ ilé onílé, ẹsẹ̀ àwọn ará ilé ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Àwọn ọmọ mi ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Wọ́n ní bí olè bá wọlé wa, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ni màá júwe fún ọlọ́pàá. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ohun tí mi ò sọ fún wọn ni pé ẹsẹ̀ ẹnì kan ni mo ń wá, ẹ̀rù sì ń bà mí kí n má lọ rí i.

Abúlé wa ò jìnnà sí Igbótako. Òmìnira ò tíì pé ọdún márùn-ún nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, èmi náà ò sì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ẹ̀gẹ́ àti epo ni iṣẹ́ wa. Ẹkù, ibi tí gbogbo ilé ti ń ṣe epo, wà lẹ́yìn abúlé. Bí wọ́n bá se ẹyìn tán, wọ́n á dà á sínú kòtò tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́, àwa ọmọbìnrin á bọ́ sínú rẹ̀, a ó máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ẹran ara ẹyìn á fi bọ́ kúrò lára ekùrọ́. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ máa ń tẹ̀. Àáró ni: lónìí ti ìyá mi, lọ́la ti ìyá rẹ̀. Inú kòtò a máa yọ̀, nítorí náà a máa ń di ara wa mú léjìká. Bí mo bá fẹ́ ṣubú, òun ló máa ń gbá mi mú. Mi ò rántí ọjọ́ kan tó jẹ́ kí n ṣubú.

Mùsùlùmí ni wọ́n nílé tiwọn. Bàbá rẹ̀ ń ta aṣọ kiri ọjà, láti Igbótako títí dé Ìrẹ̀lẹ̀. Bàbá tèmi ń dáko, ó sì ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn rẹ̀ ò dùn. Kò sẹ́ni tó ka ti ẹ̀sìn sí. Ilé wọn la ti ń jẹ ẹran Iléyá, ilé wa ni wọ́n ti ń jẹ ìrẹsì Kérésì. Ohun tí àwọn èèyàn kà sí ni pé orí òun pé nínú ìṣirò, orí tèmi sì pé nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní bí wọ́n bá lè lẹ àwa méjèèjì pọ̀, wọ́n á rí lọ́yà kan gidi yọ níbẹ̀.

Ẹni tó bá tẹ ẹyìn fún oṣù kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ á pọ́n. Kì í ṣe pupa tí èèyàn ń fi omi ṣan kúrò. Ó máa ń wọ inú ibi tí gìgísẹ̀ ti sán, ó máa ń dúró sí ìdí èékánná, òórùn rẹ̀ á sì máa bá èèyàn lọ sí ilé ìwé. Nílé wa, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan ìtìjú ni. Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ara kàlẹ́ńdà ni mo sì ti rí i.

Kàlẹ́ńdà náà wà lára ògiri ọ́fíìsì Tísà àgbà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn obìnrin kan tí ṣọ́ọ̀ṣì dá sílẹ̀, tó jìnnà sí wa, lójú ọ̀nà Oǹdó lọ́hùn-ún, ló tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn ọmọbìnrin bí ogún ló tò síbẹ̀ nínú aṣọ funfun, fìlà pẹlẹbẹ lórí, sọ́ọ̀kì funfun tó dé orúnkún. Mi ò rí ojú wọn dáadáa nítorí fọ́tò náà ti ṣá. Ẹsẹ̀ wọn nìkan ló hàn ketekete, ogójì ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ funfun báláú.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú ọmọ tó bá jáde ìwé mẹ́fà, tí bàbá rẹ̀ sì ní nǹkan díẹ̀ lọ́wọ́. Mọ́dà, ilé ìwé ọlọ́dún mẹ́ta, wà nítòsí. Gírámà wà ní Òkìtìpupa. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ara kàlẹ́ńdà sì wà. Ní gírámà Òkìtìpupa, tajá tẹran ló ń lọ síbẹ̀, Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ, Àpọ́ì, àti ẹ̀yà Ìjọ tó wa ọkọ̀ ojú omi wá, a sì ti pinnu pé a ò bá tajá tẹran ṣe mọ́. A mọ irú ẹni tó ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn láìtíì rí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn. Ọmọ adájọ́ ni wọ́n, ọmọ dókítà ni wọ́n. Imú ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ẹnì kan nínú kíláàsì wa tilẹ̀ búra pé fọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń mu gààrí, a sì jiyàn ọ̀sẹ̀ kan gbáko lórí bí omi rẹ̀ ṣe ń dé ẹnu.

Ọmọ abúlé kejì kan ti bá àǹtí rẹ̀ gbé nílùú náà rí. Ó ní ní gbogbo Sátidé, mátírọ̀n máa ń to àwọn ọmọ náà sí ìlà, wọ́n á bọ́ sọ́ọ̀kì, ó sì máa ń wo ẹsẹ̀ wọn bóyá ó mọ́. Ohun tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa dé etí ọ̀rẹ́ mi, ó ti di pé láti ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni wọ́n ti ń wò ó, àti pé wọ́n á ní kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá pọ́n padà sílé ìyá rẹ̀. Ẹ má wá ẹni tó fi ìyẹn kún un lọ. Èmi ni. Mo sì sọ ọ́ títí èmi náà fi gbà á gbọ́.

A ṣe ìdánwò kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, a yege, wọ́n sì pe àwa méjèèjì fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Tísà àgbà ka lẹ́tà náà fún wa, inú rẹ̀ dùn débi pé ó fún wa ní bisikíìtì. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan bó ṣe ń ká lẹ́tà náà padà sínú àpò ìwé.

“Ó lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa mú lágbègbè yìí o. Kálukú yín kó gbìyànjú.”

Ọ̀rẹ́ mi ò gbọ́ ọ, bisikíìtì ló ń jẹ. Èmi gbọ́ ọ.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan. A fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra ẹsẹ̀ wa, a fi yanrìn odò bó o, a fi kẹrosíìnì nù ún. Tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ díẹ̀ nítorí ibà ti dá mi dúró ní ẹkù fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Tirẹ̀ ò mọ́. Nígbà tí mo ń ṣàìsàn, òun ló tẹ àáró tèmi mọ́ tirẹ̀. Ó máa ń jókòó sórí òkúta létí odò, á gbé ẹsẹ̀ kan lé ìkejì, á máa wò ó.

“Ẹ̀sìn mi ò bà mí lẹ́rù,” ló sọ lọ́jọ́ kan. “Bàbá mi ní kò síbi tí Ọlọ́run ò sí. Ẹsẹ̀ yìí ni.”

Ìyá mi, tá à ń pè ní Iye, máa ń se ọṣẹ tà. Epo àti sódà ló fi ń sè é. Inú ìkòkò kékeré kan lórí àjà ni sódà náà máa ń wà, ó sì ń fi àwo dé e. Kò sọ́mọ ilé wa tí kò mọ̀ pé a kì í fọwọ́ kàn án. Ó ti ta sí Iye lápá rí, ibẹ̀ sì funfun bí ikú títí tó fi wọ ilẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ó dùn ún nígbà tó ta sí i, torí mo gbọ́ igbe rẹ̀. Mo sì mọ̀ pé ibẹ̀ funfun. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi ara mi léèrè èwo nínú méjèèjì ni mo rò nígbà tí mo gun àpótí lọ sórí àjà, tí mo fi ṣíbí bù ú, tí mo sì pọ́n ọn sínú ewé. Nígbà míì mo máa ń dá ara mi láre. Kì í pẹ́ tí ohùn Tísà àgbà á tún sọ ọ́ létí mi pé ẹnì kan ṣoṣo.

Mo gbé e fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la.

“Pò ó mọ́ omi díẹ̀, kó o fi pa á. Ó máa ta díẹ̀. Fara dà á.”

“Ìwọ ti lò ó?”

“Mo ti lò ó.”

Ó wo ẹsẹ̀ mi. Ó mọ́ díẹ̀ lóòótọ́. Ó gba ewé náà, ó ní kí Ọlọ́run bá òun san án fún mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, lọ́rì dé, kò sí i níbẹ̀. Dírẹ́bà ń fọn fèrè. Tísà àgbà ní kí n sáré lọ pè é. Mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé wọn, ó jókòó sórí àpótí, ìyá rẹ̀ ń fi ìyẹ́ adìẹ kun epo pupa sí i lẹ́sẹ̀ láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ọmọ ìka. Epo tí a fi ọ̀sẹ̀ kan bó kúrò ló padà wá bò ó. Níbi tí epo ò tíì dé, awọ rẹ̀ ti ṣí bí èèpo kókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè.

“Omi gbígbóná ló dà sí i lẹ́sẹ̀ o, ọmọ mi,” ni ìyá rẹ̀ wí fún mi. “Òun nìkan ló wà nídìí iná. Irú kí lèyí!”

Ọ̀rẹ́ mi gbójú sókè, ó wò mí. Kò sunkún. Mi ò lè sọ fún yín irú ìwò tó wò mí, torí mi ò dúró kí n rí i tán; ilẹ̀ ni mo ń wò.

“Máa lọ,” ló wí. “Wọ́n ń fọn fèrè dè ọ́. Tó o bá ti padà ghá ulé, wá sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń wò ó.”

Mo lọ. Nínú lọ́rì, àyè rẹ̀ ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí a fi dé Òkìtìpupa, níbi tí ìyá oníṣu kan ti wọlé tó jókòó síbẹ̀. Inú bí mi sí ìyá yẹn gan-an.

Àwọn obìnrin méjì ló jókòó sídìí tábìlì nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, òyìnbó kan àti èèyàn wa kan. Ẹsẹ̀ òyìnbó náà ni mo kọ́kọ́ wò. Sálúbàtà aláwọ ló wọ̀. Eruku kún un lẹ́sẹ̀, èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ kan sì dúdú, bí ẹni tí nǹkan já lù. Wọ́n ní kí n ka ìwé díẹ̀, mo kà á. Wọ́n ní kí n sọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nílùú wa. Mo fẹ́ sọ pé òwò aṣọ. N kò mọ ohun tó mú mi sọ òtítọ́. Mo sọ bí wọ́n ṣe ń se ẹyìn, bí kòtò ṣe rí, bí a ṣe ń bọ́ sínú rẹ̀ tó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́. Òyìnbó náà fi kálámù sílẹ̀, ó ń gbọ́. Ó bi mí ní ìdí tí a fi ń di ara wa mú. Mo ní kí àwa méjì má baà ṣubú ni.

“Ta ni ìkejì?” ni obìnrin wa bi mí.

“Ọ̀rẹ́ mi ni, Mà. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé yín.”

“Níbo ló wà?”

“Ara rẹ̀ ò yá, Mà.”

Wọ́n ní ó tó. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo dúró. Kánfáàsì tí mo yá wọ̀ ń dùn mí lẹ́sẹ̀, mo sì ń retí kí wọ́n ní kí n bọ́ ọ. Obìnrin wa gbójú sókè, ó ní ṣé nǹkan kù ni. Mo ní rárá, Mà. Kò sẹ́ni tó wo ẹsẹ̀ mi.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá a gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Ewé ni wọ́n fi wé ẹsẹ̀ náà.

“Wọ́n wò ó?”

Mo ti ronú lé ìbéèrè yìí lórí láti ìdí ọkọ̀ títí dé ibẹ̀. Bí mo bá ní wọn ò wò ó, á jẹ́ pé lásán ló jóná. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì rò pé oògùn ni mo fẹ́ fún un.

“Wọ́n wò ó,” ni mo wí. “Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà. Tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń wo àárín ọmọ ìka.”

Ó mí kanlẹ̀. “Ó dáa. Wọn ì bá ti lé mi níbẹ̀.”

Ẹyin lohùn. Ẹ gbọ́ ohun tí irọ́ oògùn yẹn ṣe. Tísà àgbà kọ̀wé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n sì dáhùn pé kí ọmọ náà wá lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Bàbá ọ̀rẹ́ mi mú lẹ́tà náà dání wá sílé wa, ó fi han bàbá mi. Èmi ni mo gbé omi fún un mu. Ó ní ọmọ òun ti sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ fún òun, pé ẹsẹ̀ tó ti ní àpá báyìí, òun ò ní gbé e lọ síwájú ẹni tí yóò tan tọ́ọ̀ṣì sí i bí ẹni ń ra ewúrẹ́ lọ́jà. Bàbá mi ní òótọ́ ni, pé ìwà àwọn ọlọ́lá ò dára. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́. Gbólóhùn kan péré ni ì bá tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó ti dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Ọ̀rẹ́ mi lọ sí mọ́dà, ó ṣe ọdún mẹ́ta níbẹ̀, ó sì padà sí ẹkù.

Èmi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n mú lágbègbè wa, ọ̀kan tilẹ̀ wá láti Akótógbò. Àṣìsọ ni ti Tísà àgbà. Ní yàrá tí wọ́n fi mí sí, bẹ́ẹ̀dì kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Àwọn yòókù ń sá táwẹ́lì lé e. Mo mọ ẹni tó ni í. Mo máa ń ká àwọn táwẹ́lì náà kúrò, mo máa ń tún orí bẹ́ẹ̀dì náà ṣe, wọ́n sì ń fi mí rẹ́rìn-ín pé mo fẹ́ràn iṣẹ́ jù. Bí mátírọ̀n bá ń pe orúkọ wa ní àárọ̀, mo máa ń dúró díẹ̀ lẹ́yìn tèmi, mo máa ń gbọ́ ti ọ̀rẹ́ mi tí wọn ò pè.

Kì bá dùn mí tó bẹ́ẹ̀ ká ní àwọn ọmọ náà rí bí a ṣe rò wọ́n. Mo wá àwọn ọmọ inú kàlẹ́ńdà káàkiri, mi ò rí wọn. Ọmọ alágbàfọ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ aláró kan wà tí èékánná rẹ̀ dúdú látìgbà tí wọ́n ti bí i. Mùsùlùmí kan máa ń ṣe àlùwàlá nídìí ẹ̀rọ omi ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ó ń bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń kí ìrun tirẹ̀, kò sẹ́ni tó lé e. Ọmọ adájọ́ kan wà lóòótọ́, ó sì ń fi imú sọ̀rọ̀, àṣé ọ̀fìnkìn ni. Kò mọ aṣọ fọ̀, èmi ni mo kọ́ ọ. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ọmọ Ìjọ kan wá sórí bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo náà. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, ó le, ó ti tẹ ọkọ̀ púpọ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Odidi ọdún kan ni mo fi kórìíra rẹ̀, kò sì mọ ohun tó ṣe fún mi.

Lóòótọ́ ni mátírọ̀n ń wo ẹsẹ̀ wa ní Sátidé. Ẹrẹ̀ ló ń wò. Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé pupa ẹsẹ̀ mi dà bíi làálì, pé ó wù òun.

Bí mo bá lọ sílé fún ọlidé, ọ̀rẹ́ mi á béèrè àwọn ọmọ adájọ́ lọ́wọ́ mi. Mo máa ń fún un ní ìtàn tó fẹ́. Mo sọ ti fọ́ọ̀kì fún un. Ó máa ń rẹ́rìn-ín, á fi ọwọ́ pa ẹsẹ̀ rẹ̀, á ní ó dáa tí òun ò lọ.

Ogun abẹ́lé ti parí, mo ti di tísà tó ń kọ́ṣẹ́, nígbà tí mo wọ ẹ̀yìnkùlé wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó jókòó sórí àpótí. Ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin tó kéré jù wà lórí itan rẹ̀, ó ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti kànrìnkàn bó o. Ọmọ náà ń pariwo. Kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn gan-an ni wọ́n pè é sí.

“Ìyẹn ẹ̀gbọ́n ẹ tó lọ síbẹ̀ ló dé yẹn,” ló wí fún ọmọ náà. “Bi í. Wọ́n ń wo ẹsẹ̀ àbí wọn kì í wò ó?”

Ọmọ náà yíjú sí mi, omi wà lójú rẹ̀. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ ti ń sun díẹ̀.

“Wọn kì í wò ó,” ni mo wí.

Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín. “Wọ́n ti fi sílẹ̀? Láti ìgbà wo?”

“Wọn ò wò ó rí.”

Kànrìnkàn dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ìrùngbọ̀n ewúrẹ́ kan ń fẹ́ nínú afẹ́fẹ́ lẹ́bàá ògiri, mo ranjú mọ́ ọn. Ó bu omi, ó rọra ṣan ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó fi ìró rẹ̀ nù ún láàárín ìka kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí ó lọ wọ bàtà. Nígbà tó ku àwa méjì, ó na ẹsẹ̀ tirẹ̀ méjèèjì síwájú, funfun níhìn-ín, pupa lọ́hùn-ún, ó sì wo tèmi nínú sálúbàtà.

“Ti sódà, mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tó o wá pè mí,” ló wí. “Ẹsẹ̀ rẹ ò ní àpá. Mo ní ọmọdé ni wá, mo ti dárí ẹ̀ jì ọ́. Èyí ni mi ò mọ̀.”

Ó dìde, ó gbé agbada omi náà, ó sì lọ dà á nù.